Ẹ má trace fọ́tò, àwòrán ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ trace

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa ya ewé àti òdòdó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ̀pẹ́ níbí ni mo ti ń ṣe é, iṣẹ́ tó gba sùúrù ni, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ohun tó fi odidi ọdún kan mi ṣòfò ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, màá fi fóònù ya fọ́tò, màá gbé bébà lé ojú fóònù, màá trace ẹ̀, ìyẹn ni pé màá fi pẹ́ńsù tọ ìlà tó hàn lábẹ́ bébà. Ó máa ń mọ́ tónítóní. Lọ́jọ́ kan mo gbé efinrin tí mo yà lọ han ìyá kan tó ń ta ewé àti egbò nínú ọjà, àwọn ló máa ń bá mi wá ewé. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ewé wo lèyí?" Mo ní efinrin ni mà. Wọ́n ní rárá o. Wọ́n fa ẹ̀ka kan yọ nínú ìdì tó wà níwájú wọn, wọ́n ní, "Fọwọ́ yí igi ẹ̀ wò." Mo fi ìka méjì yí i, àṣé onígun mẹ́rin ni, kò rí róbótó bíi ti ewúro. Wọ́n tún ní, "Ewé ẹ̀ ńkọ́? Méjì méjì ló ń yọ, wọ́n á kọjú síra wọn, méjì tó bá tẹ̀ lé e á dábùú wọn." Nínú fọ́tò tèmi, ewé kan ti bo ìkejì ẹ̀, èmi náà ò yà á, bí efinrin ṣe di ohun tó ń yọ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ewúro nìyẹn.

Maria Sibylla Merian, obìnrin Jámánì kan, àwọn òkú kòkòrò tó rí nínú àpótí ní Amsterdam ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹni ọdún 52 ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní 1699 kó lè rí kòkòrò àti igi tó fẹ́ yà láàyè. Efinrin tó wà lẹ́yìn ilé wa wá ńkọ́?

Ní báyìí, àárọ̀ kí oòrùn tó mú ni mo máa ń já ẹ̀ka, màá kì í bọ ìgò omi lójú ẹsẹ̀, torí kì í pẹ́ rọ rárá. Òdòdó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà, òun ló ń tètè bàjẹ́, ewé ṣì lè dúró dè yín. Díbáídà inú mathset àwọn ọmọ iléèwé ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, màá fi ẹnu ẹ̀ kan kan ìdí ewé, ìkejì á kan ṣóńṣó orí ẹ̀, màá wá gbé e bẹ́ẹ̀ sórí bébà. Bébà lásán ni o, ẹ ṣe gbogbo àṣìṣe yín síbẹ̀. Tí iṣan ewé bá ń dà yín láàmú, ẹ dojú ewé délẹ̀, ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ lé ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù ra á jẹ́jẹ́, gbogbo iṣan á jáde, ẹ wá kà wọ́n.

Ìgbà yẹn ni tracing paper, bébà fẹ́lẹ́ téèyàn ń rí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀, tó kàn. Ẹ tẹ́ ẹ lé àwòrán yín, ẹ fi pẹ́ńsù HB tó mú dáadáa fa ìlà kan ṣoṣo níbi tí ìlà mẹ́ta mẹ́rin ti ń jà. Ẹ yí i padà, ẹ fi 2B, pẹ́ńsù tó rọ̀ tó sì dúdú, kun ẹ̀yìn àwọn ìlà yẹn, ìlà nìkan o, tẹ́ ẹ bá kun gbogbo ẹ̀ bébà gidi á dọ̀tí. Ẹ dá a padà sójú ẹ̀, ẹ fi téèpù lẹ orí ẹ̀ mọ́ bébà gidi kó má yẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi 2H, pẹ́ńsù tó le, tọ àwọn ìlà náà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ojú ibi tí pẹ́ńsù bá gbẹ́ sínú bébà, kò sóhun tó lè pa á rẹ́ mọ́, ibẹ̀ náà ni ọ̀dà máa lọ jókòó sí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti iṣu. Mo fẹ́ yá ara, mi ò kun ẹ̀yìn bébà, mo kàn da ojú tí mo fi pẹ́ńsù yà délẹ̀, mo wá ń ha ẹ̀yìn ẹ̀. Àwòrán bọ́ sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀tún ti di òsì, mi ò sì fura, mo ti fi yíǹkì fa gbogbo ẹ̀ tán kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ àgbẹ̀ tó rí i. Wọ́n ní iṣu wo ló ń lọ́ mọ́ igi báyìí? Iṣu funfun, apá ọ̀tún ló máa ń lọ́ sí, èsúrú ló ń lọ́ sí òsì. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti fi ya nǹkan yẹn.

Látìgbà náà, kí n tó trace ohunkóhun, màá kọ lẹ́tà Ẹ sí igun bébà. Tí mo bá ti rí i tí Ẹ kọjú sí òdì, mo ti mọ̀ pé mo gbé e sódì nìyẹn. Iṣu yẹn, mo ń dúró kí tọdún yìí hù kí n tún un yà.