Ẹ ṣí kọ́ọ̀kì ìdí táǹkì kí ẹ tó lọ sílé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù, tí ẹ ń fọ́n láàkà, ìyẹn òróró tó ń mú igi dán, sára àga àti tábìlì lẹ́yìnkùlé yín ní Kubwa, Karu àti Mararaba, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Láti ìgbà tí òjò ti dé ni mo ti ń yà kí yín. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yín, ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ sínú táǹkì, dára, ó dára ju èyí tí àwa fi kọ́ṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀kì tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ táǹkì, ẹlòmíràn kọ ojú rẹ̀ sí ògiri, ọwọ́ kò lè débẹ̀. Ti ẹlòmíràn, pẹ́ńtì ti bò ó. Inú mi kò dùn sí i rárá, torí omi yẹn ló ń bá afẹ́fẹ́ jáde tó ń ba láàkà jẹ́.

Àkọ́kọ́, inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti ń wá. Ẹ wo àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan: bí ooru bá tó 30 sẹ́ńtígíréèdì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gbé omi tó gíráàmù 30. Ẹ̀rọ wá ki afẹ́fẹ́ náà mọ́lẹ̀ títí gééjì tó ń ka agbára afẹ́fẹ́ fi dé bar 8, ìyẹn bíi psi 116. Bí a bá ka bar kan ti afẹ́fẹ́ ìta mọ́ ọn, àyè tó ń gbé omi tẹ́lẹ̀ ti di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Bí táǹkì bá ti ń tutù báyìí, omi á máa kán sílẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè má rí nǹkan gidi kan. Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá ní Àbújá, ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀.

Èkejì, bí a ṣe ń dà á. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́ lára iná. Ẹ tú afẹ́fẹ́ dànù títí gééjì á fi wá sílẹ̀ sí psi 10 sí 20, torí ìwọ̀nba tó kù yẹn ló máa ti omi jáde. Ẹ tẹ táǹkì síhà ọ̀dọ̀ kọ́ọ̀kì, kí ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀, kí ojú yín jìnnà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí di òwúrọ̀.

Ẹ̀kẹta wà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú mi le tó báyìí.

Ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà náà, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Kugbo. Tábìlì ìjẹun ìyàwó tuntun ni a ń ṣe, igi máhógánì, pẹ̀lú àga mẹ́fà. Òjò ti rọ̀ láti àárọ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló di gọ́ọ̀nù tí a fi ń fọ́n láàkà mú, láàkà àfikẹ́yìn ni. Ó kọ́kọ́ dán gbinrin. Kò pẹ́ ni àmì funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, òmíràn ní ihò tín-ín-tín láàárín. Èmi ni mo lọ ra tínà tí a fi ń po láàkà ní Dei-Dei. Ọ̀gá ní ayédèrú ni mo rà, pé mo kó owó tó ṣẹ́kù sápò. Níwájú ẹni tó ni tábìlì ló ti sọ ọ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá ṣe tínà tàbí ọ̀rinrin òjò ni, gbogbo ojú tábìlì ni ì bá funfun, kò ní tò kán-kàn-kán báyìí." Ó gbá mi létí. Èmi ni mo fi sándìpépà họ tábìlì náà kanlẹ̀, owó oúnjẹ mi ni wọ́n sì yọ fi ra láàkà mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọ̀gá jáde, mo yọ ife gọ́ọ̀nù, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ lásán sórí bébà funfun. Bébà náà tutù, kán-kàn-kán bíi ti orí tábìlì gan-an. Mo lọ sí ìdí táǹkì. Kọ́ọ̀kì ti dípẹtà, sípánà ni mo fi tú u, omi pupa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún garawa pẹ́ńtì. Nígbà tí ọ̀gá dé, mo gbé e hàn án. Ó ní kí n lọ dà á nù. Kò bẹ̀ mí dòní. Mo ṣì ń kí i nígbà ọdún, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n orúkọ olè yẹn kò tíì jáde nínú mi. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń ṣí kọ́ọ̀kì ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, a kò sì rí àmì yẹn mọ́ títí mo fi gba fírídọ̀mù.

Nítorí náà, ẹ̀kẹta nìyí: kí ẹ tó fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ, ẹ mú bébà funfun.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ti ra fílítà tó ń gba omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu táǹkì. Afẹ́fẹ́ ṣì gbóná níbẹ̀, omi á bá a kọjá bí oru, á wá di omi nínú hóòsì. Ẹ jẹ́ kí páìpù gùn díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ti tutù kó tó dé fílítà.

Ẹ máa wo ohun tó ń jáde náà. Bó bá funfun bí omi ògì, òróró ẹ̀rọ ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ písítìnì wò. Bí èépá irin bá ń bá a jáde, táǹkì ti ń jẹ láti inú. Ẹ má pe wẹ́dà kó wá lẹ ihò. Èyí tó bá ti jò, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Èyí tó ń kọ yín lóminú, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó fi omi kún un bámú, kó sì fi omi náà tì í kọjá agbára tó ń gbà lójoojúmọ́. Bó bá ya, omi á kàn tú jáde. Afẹ́fẹ́ ló ń fọ́n irin ká, tó ń pa èèyàn.