Bàtá wa dé LaGuardia

Inú mi ṣì ń dùn títí di báyìí. Lánàá la ṣe ayẹyẹ àṣà ní LaGuardia Community College, ní Queens nílùú New York, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ gbogbo ayé láti ọdún 1971. Àwọn ará Bangladesh fi làálì sí wa lọ́wọ́. Àwa Yorùbá gbé àkàrà, aṣọ òkè àti ìyáàlù bàtá kan kalẹ̀.

Ìyá kan láti Kúbà, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa (ọjọ́ orí kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbí, ìyẹn wù mí gan-an), ní kí n jẹ́ kí òun lù ú. Ó gbé e lé itan, ó fi ọwọ́ lásán lu ojú méjèèjì. Àwa máa ń fi bílálà lu ojú kékeré. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sí Yemọja! Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló gbé ìlù yìí dé Kúbà, wọn ò sì jẹ́ kó parun. Omijé bọ́ lójú mi.

A ti ṣàdéhùn pé a ó jọ lù ú lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ará Queens, ta ló ní omele bàtá tó lè yá wa?