Ìjàlọ lábẹ́ Igi Ìyè

Nígbà tí ìròyìn jáde pé oṣù kẹta ọdún 2025 ni wọ́n máa ti ilé eré àwọn kòkòrò ní Animal Kingdom, ọgbà ìgbafẹ́ Disney níhìn-ín ní Florida, Àkànní ọmọ mi ló kọ́kọ́ pè mí. "Mọ́mì, ẹ tọrọ àyè níbi iṣẹ́. A gbọ́dọ̀ lọ." Ọmọ ọdún 23 ni.

Ẹni tó bá tọ́ ọmọ ní Orlando á mọ ibẹ̀. Igi ràgàjì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Igi Ìyè, wọ́n gbẹ́ ẹranko tó lé ní 300 sí i lára. Abẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ ni Flik, eèrà inú fíìmù A Bug's Life, ti gbàlejò láti oṣù kẹrin 1998 títí wọ́n fi ti ibẹ̀. Fíìmù gan-an kò tíì jáde nígbà yẹn. Ó di oṣù kọkànlá.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Àkànní nígbà tí a kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ikán inú eré náà tu omi sí wa lójú. Agbọ́n bínú, nǹkan gún wa lẹ́yìn láti inú àga. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dìde, wọ́n ní kí ìdin àti aáyán kọ́kọ́ jáde, ni nǹkan bá ń rìn wìrìwìrì lábẹ́ ìdí wa. Ọmọ yìí so mọ́ mi lọ́rùn, ó figbe ta: "Mọ́mì, ìjàlọ!"

Ẹnu mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn nígbà gbogbo. Àmọ́ mo ti sọ fún un bí ìjàlọ ṣe lé wa síta lóru nílé wa ní Ìsẹ́yìn, tí bàbá mi ń da kẹrosíìnì sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Bí fíìmù náà ṣe di tiwa nìyẹn. Àwọn tata tó ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ eèrà lọ́dọọdún, ìṣákọ́lẹ̀ ni mo pè é fún un, ó sì yé e kíá.

Látinú ìtàn Aesop nípa eèrà àti tata ni àwọn ará Pixar, ilé iṣẹ́ tó ṣe fíìmù náà, ti mú un. Eèrà pupa kan, Red, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe akọni. Andrew Stanton, ọ̀kan lára àwọn tó kọ ìtàn fíìmù náà, ló tún un kọ tó fi di Flik. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kámẹ́rà bíńtín tí wọ́n so mọ́ orí ọ̀pá, tí wọ́n fi táyà ohun ìṣeré Lego sí nísàlẹ̀, tí wọ́n ń tì káàkiri inú koríko kí wọ́n lè rí ohun tí eèrà ń rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ìmọ́lẹ̀ a máa gba inú ewé kọjá.

Lọ́jọ́ tí mo kà á, èmi àti Àkànní dojú bolẹ̀ nídìí ewúro tí mo gbìn sẹ́yìn ilé. Oòrùn wà lókè ewé. Gbogbo iṣan rẹ̀ hàn, ìka ọmọ mi sì ń hàn fírífírí láti òdì kejì. Láti kékeré ni mo ti ń já ewúro, n ò wò ó báyẹn rí.

Antz, fíìmù eèrà mìíràn, ṣáájú rẹ̀ jáde ní oṣù kẹwàá 1998, ìjà ńlá sì ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tó ṣe méjèèjì. Ti Pixar pa owó tó lé ní mílíọ̀nù 360 dọ́là. Síbẹ̀ ọgbà Flik tó wà ní California ti pa rẹ́ láti 2018, ó wá kan tiwa. Ó dùn mí gan-an.

A lọ. A jókòó, a wọ awò ojú. Bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ ìdí wa, Àkànní di ọwọ́ mi mú.

"Mọ́mì, ìjàlọ ń lọ."