Ọgbà Ẹ̀fọ́ Àwọn Ọmọ Pírámárì, Láti Igbe Dé Agẹmọ

Ìparí oṣù Igbe

Àwọn ọmọ ti wọlé fún sáà kẹta, òjò sì ti rọ ilẹ̀ fún wa. Ẹ̀yìn kíláàsì Pírámárì kẹrin ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yọ̀ǹda fún wa, ní apá Mọ́níyà ní Ìbàdàn níbí. Ilẹ̀ náà kò ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n oòrùn ń pa á láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ohun tí mo sì ń wá nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọgbà ṣe àṣenọ́jú nílé. Èyí tí àwọn ọmọdé á dá fúnra wọn ni mi ò tíì ṣe rí.

Tíṣà kan ní ká gbin ẹ̀gẹ́. Mo ní rárá. Sáà yìí á parí ní ìparí Agẹmọ, ẹ̀gẹ́ á sì gbà tó oṣù mẹ́sàn-án tàbí ọdún kan gbáko. Ọmọ ọdún méje wo ló máa dúró dè é? Tẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀ máa ń yọrí láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ó sì máa ń tó jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Òun la ó fi mú wọn lọ́kàn dúró títí àgbàdo tí a máa gbìn pẹ̀lú rẹ̀ á fi gbó. A fi ewédú kún un, àti ilá díẹ̀ sí etí ọgbà. Irúgbìn ẹ̀fọ́ wá láti NIHORT ní Ìdí-Ìṣin, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso láti ọdún 1975.

Mo gé ẹ̀rúkọ́ kúrú kó bá ọwọ́ wọn mu. A kọ bẹ́ẹ̀dì, a da ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa sí i. Gbogbo wọn dimú.

"Àǹtí, ṣé ìgbẹ́ adìyẹ la máa wá jẹ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀fọ́ ló máa jẹ ẹ́. Ìwọ á wá jẹ ẹ̀fọ́."

Ìbẹ̀rẹ̀ Èbìbí

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bí ọmọdé bá bù ú lásán, ojú kan ṣoṣo ló máa dà á sí. A pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ nínú agolo mílíìkì, wọ́n wá ń wọ́n ọn káàkiri. Ike omi tí a lu ihò sí ìdérí rẹ̀ la fi ń bomi rin ín, torí korobá á gbá gbogbo rẹ̀ lọ.

Ti ewédú ni mo fẹ́ràn jù. Èèpo irúgbìn ewédú le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ó lè sùn sínú ilẹ̀ títí inú ọmọ á fi bàjẹ́. Mo pín bẹ́ẹ̀dì ewédú sí méjì. Apá kan, a gbin irúgbìn bó ṣe wà. Apá kejì, mo di irúgbìn mọ́ aṣọ, mo tì í bọ omi híhó, gbogbo kíláàsì sì ń kà á sókè, ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá, mo yọ ọ́, mo rì í sínú omi tútù. Ọ̀kan nínú wọn ní mo ti sè é jinná, pé kò lè hù mọ́. Àwọn yòókù gbà á gbọ́.

Àárín Èbìbí

Apá tó rí omi híhó ti bo ilẹ̀. Apá kejì, ẹyọ ìhín, ẹyọ ọ̀hún. Ẹni tó ní mo ti sè é jinná ló ń mú àwọn tíṣà wá wò ó báyìí, ó ń ṣàlàyé bí ẹni pé òun ló ronú kàn án.

Ewúrẹ́ àdúgbò wọlé lọ́jọ́ Sátidé, ó jẹ orí ilá tán. A ti fi ọparun ṣe ọgbà yí i ká.

Ìbẹ̀rẹ̀ Okúdù

Tẹ̀tẹ̀ ti tó gé. Mo kọ́ wọn pé kí wọ́n gé e, kí wọ́n má fà á tu, kí kùkùté rẹ̀ lè tún rú. Ọ̀rọ̀ wá dé lórí ibi tí ẹ̀fọ́ máa gbà. Wọ́n ní ká tà á fún àwọn tíṣà, ká fi owó ra ṣọ́ọ̀kì. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀fọ́ tí ọmọ gbìn, ilé ọmọ ni kó lọ, kí ìyá rẹ̀ rí i, kí wọ́n fi jẹun alẹ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbè mí.

Ìyá ọ̀kan nínú wọn ń ta ẹ̀fọ́ ní Bódìjà. Ó tú ìdì tí ọmọ rẹ̀ gbé wálé, ó tún un dì, ó ní ìdì tó ń tú kì í tajà. Nígbà tí ọmọ náà dé lọ́jọ́ kejì, ó kọ́ gbogbo kíláàsì bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀fọ́, kí ìdí gbogbo rẹ̀ wà síbì kan. Mi ò mọ ọ́n tẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àárín Okúdù

Ewé àgbàdo ti lu jára. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fall armyworm ni, èyí tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà, oko IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ níbí Ìbàdàn, sì wà lára ibi tí wọ́n ti rí i. Mo mú ọ̀kan sórí ewé, mo ní kí wọ́n wo iwájú orí rẹ̀. Ọmọ Pírámárì kìn-ín-ní kan pariwo, "Y ni! Wọ́n dorí ẹ̀ kodò!" Òótọ́ ni, Y funfun tó dorí kodò, àti àmì dúdú mẹ́rin ní ìdí rẹ̀. Láti ìgbà náà, kí agogo tó lù láàárọ̀, wọ́n ti ń wá Y kiri, wọ́n ń ṣà á sínú omi ọṣẹ. A da eérú sí àárín ewé àwọn àgbàdo tó kù. Mi ò fọ́n oògùn kankan sí i. Ọwọ́ ọmọdé ló wà nínú ewé yẹn lójoojúmọ́.

Àárín Agẹmọ

Ewédú ti lọ sílé lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ ròyìn bí wọ́n ṣe fi ìjábẹ̀ já a, bí wọ́n ṣe bù ú mọ́ gbẹ̀gìrì lórí àmàlà.

Àgbàdo ti gbó. Rúlà kíláàsì la fi wọn àlàfo nígbà tí a ń gbìn ín, sẹ̀ǹtímítà 25 láti ihò dé ihò, 75 láti poro dé poro. Mo kó poro náà jọ síbì kan kí afẹ́fẹ́ lè gbé lẹ́búlẹ́bú orí àgbàdo sórí irun rẹ̀. Ọmọbìnrin kan bó tirẹ̀, ó rí àyè tí kò ní hóró. Mo fi irun hàn án: okùn irun kan, hóró kan. Èyí tí lẹ́búlẹ́bú kò bà, kò ní hóró. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka irun, ó sú u. Ẹlòmíì pa àlọ́ àgbàdo tó lọ sóko níhòòhò, tó bọ̀ tòun ti igba aṣọ, bí wọ́n ṣe ń bọ́ aṣọ náà lọ.

Olóúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ sè é fún wa lórí àdògán, a fi àgbọn jẹ ẹ́.

Ìparí Agẹmọ

Ilá tó kù, ọlọ́dẹ ni yóò máa já a nígbà ìsinmi. Òun náà ló ń lé ewúrẹ́. A fi ewédú díẹ̀ sílẹ̀ kó so, kí irúgbìn ti oṣù Owérè má baà jẹ́ ríra. Pírámárì kẹta ti ní ata rodo làwọn fẹ́. Mo ní kí wọ́n lọ máa kó agolo jọ láti fi tọ́ ọ.