Ẹgbẹ̀rún Méje Náírà Lọ́nà Iléṣà

Ẹ má sọ fún mi pé Ifẹ̀ sí Iléṣà ò jìnnà. Èmi náà ni mo ń fẹnu ara mi sọ ọ́ láàárọ̀ Sátidé, tí mo ní kí àbúrò mi má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, aago mẹ́sàn-án ni ìkómọ, tá a bá gbéra laago mẹ́jọ, a ó dé ṣáájú ìyá ọmọ. Nígbà tá a máa débẹ̀, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti ń kó àga.

A ò tíì dé Òṣú nígbà tí mo bọ́ sí kòtò kan. Òjò ti rọ̀ lóru, omi kún un dẹ́nu, ó tẹ́ rẹrẹ bíi títì gan-an. Gbàà! Táyà iwájú lápá ọ̀tún lọ nìyẹn. Mo fẹ́ yà sétí títì, kò sí etí títì. Ibi tí ọ̀dà parí sí, ilẹ̀ já wálẹ̀ níbẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń bọ́ lórí àkàsọ̀, koríko sì ti bo ohun tó wà nísàlẹ̀. Mo dúró bẹ́ẹ̀, ìdajì ọkọ̀ lójú títì, tírélà ń fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ìjì. Àbúrò mi sáré já ewé tò sẹ́yìn ọkọ̀, torí sí-kọ́ṣọ̀n mi wà nílé. Ẹ̀sítírà táyà ńkọ́? Ó wà. Kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kẹ́yin náà lọ wo tiyín.

Láti 1988 tí wọ́n ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé kí awakọ̀ rọra. Ó dáa. Mo rọra o, n kò ju 60 lọ. Ta ló wá ń bá títì wí?

Fọkanáísà kan wà níwájú, kò tó ìrìn ìṣẹ́jú méjì. Bó ṣe sún mọ́ kòtò náà tó gan-an ló bí mi nínú. Bàbá yí táyà wò, ó fi òòlù lu ríìmù lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ẹgbẹ̀rún méje. Ẹgbẹ̀rún méje! Ẹni tó ń bá mi ṣe é nítòsí Mayfair ní Ifẹ̀ kì í gbà ju ẹgbẹ̀rún méjì. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ gbẹ́ kòtò yẹn ni?"

Àbúrò mi fà mí láṣọ. Bàbá ò bínú.

"Màdáámù, ríìmù yín ti tẹ̀. Ṣé ẹ ò rí imọ̀ ọ̀pẹ tí mo rì síbẹ̀ ni?"

Imọ̀ ọ̀pẹ wo? Ó ní ó ní láti jẹ́ pé tírélà ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lóru. Ọ̀sẹ̀ dọ́sẹ̀ ló ń rì í, ọ̀sẹ̀ dọ́sẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ara mi wálẹ̀ díẹ̀. Owó yẹn ṣì ń dùn mí o.

Bó ṣe ń lu ríìmù, ó ń ka ibi tí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ lọ́nà náà fún wa. Lẹ́yìn igi yẹn, ọlọ́kadà kan. Ní kọ́nà iwájú, bọ́ọ̀sì tó ń sáré bọ̀ láti Àkúrẹ́. Níbi afárá kékeré tí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ká, òun ti bá wọn fa ọkọ̀ mẹ́ta jáde. Àbúrò mi, tó kàwé nípa ọ̀nà ṣíṣe, yọ fóònù, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àjọ kan wà tó ń jẹ́ iRAP, tó ń fún títì ní ìràwọ̀ bí wọ́n ṣe ń fún òtẹ́ẹ̀lì, láti 1 dé 5. Wọn kì í dúró dìgbà tí èèyàn bá kú. Ní gbogbo 100 mítà ni wọ́n ń wò ó: ṣé etí títì wà, ṣé igi tàbí òpó sún mọ́ ọn, ṣé ìlà hàn láàárín. Bí ìràwọ̀ kan bá lé sí i, ewu ikú àti ìfarapa ńlá á dín kù tó nǹkan bí ìdajì. Nígbà míì sì rèé, ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń fa ìlà, àti yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé etí títì sókè, ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé ọ̀tọ̀ ni ìràwọ̀ onímọ́tò, ọ̀tọ̀ ni ti ọlọ́kadà, ọ̀tọ̀ ni ti oníkẹ̀kẹ́, ọ̀tọ̀ ni ti ẹlẹ́sẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, obìnrin kan ru àgbàdo kọjá, orí ọ̀dà gan-an ló ń rìn, torí kò síbòmíì tó lè fẹsẹ̀ sí. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ìràwọ̀ mélòó ni tìyá yẹn?" Bàbá ló bi í.

"Ẹyọ kan, bàbá. Torí pé kò sí òdo ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ọdún kẹrìnlá òun níbẹ̀ rèé, òun ti rí àwọn tó ń wá wọn títì dáadáa. Wọ́n á ní kóun fẹ́ táyà fáwọn, wọ́n á sanwó, wọ́n á lọ. Ẹnì kan ò bi òun ní nǹkan rí.

Kò yọ kọ́bọ̀ nínú ẹgbẹ̀rún méje. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹ̀sítírà mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní Iléṣà, iyán ti tán. Nílé Ìjẹ̀ṣà! Jọ̀lọ́ọ̀fù tútù ni wọ́n bù fún wa, ẹran rẹ̀ ò ju ọmọ ìka lọ. Ọmọ náà rẹwà, ó ń sùn.

Nígbà tá à ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, òkèèrè ni mo ti ń wá kòtò náà. Imọ̀ ọ̀pẹ tuntun ti wà níbẹ̀, bàbá so àkísà pupa mọ́ ọn lórí. Níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Camry dúdú kan wà lórí jáàkì. Ẹni tó ni ín na ìka méjì sókè, bàbá sì ń mi orí.