Wọ́n Ní Kí N Fi Òrùka Ránṣẹ́ Láti Índíà

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àbúrò bàbá mi pè mí láti Ìbàdàn. Nígbà tí a kí ara wa tán, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ọdún kẹta rèé tí o ti wà ní Índíà, o ò sì rò ó pé kí o fi òrùka kan ránṣẹ́ sí wa. Kì í ṣe ti ẹ̀ṣọ́ o. Èyí tó ń jẹ́ ni mo wí." Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, wọn kì í tà á ní àdúgbò wa." Ó rẹ́rìn-ín ẹni tó ti mọ̀ pé ahun ni mí.

Nǹkan mẹ́ta péré ni àwọn ará ilé mọ Índíà mọ́: fíìmù tí wọ́n ti ń fi orin sáré yí igi ká, agbára tó wà nínú òrùka àti tùràrí, àti ọsibítù. Ti ọsibítù nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí, torí n kì í wọ bàálù bọ̀ níbí láìrí ará ilé wa tó ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọn ò mọ̀ nípa fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù sì ni Índíà tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ìyókù. Iná: ẹ mọ tilé, ní Hyderabad, ìlú tí mo ń gbé, ó máa ń lọ tí òjò bá le, á sì dé kí n tó rí ìṣáná. Owó: láti ìgbà tí UPI, ètò fífi fóònù sanwó, ti dé ní 2016, kódà àgbọn orí ọmọlanke, fóònù la fi ń san owó rẹ̀. Ata: ọmọ Ìbàdàn ni mo ń pe ara mi kí n tó fẹnu kan avakaya, máńgòrò tí kò tíì pọ́n tí wọ́n fi ata àti òróró rẹ. Omi tán nílé lọ́jọ́ náà. Èdè: anna ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lédè Telugu tí wọ́n ń sọ níbí, akka ni ẹ̀gbọ́n obìnrin. Onímárúwá tó bá gbọ́ "anna" lẹ́nu mi á dín owó kù.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù. Àlejò tí físà rẹ̀ bá ju 180 ọjọ́ lọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 14 tó bá dé. Onílé tó gbà á sílé náà gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí láàárín wákàtí 24. Fọ́ọ̀mù C ni wọ́n ń pe ìyẹn nígbà tí mo dé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀, kò yẹ kó nira. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí onílé gbọ́ "ìjọba" àti "ọmọ Áfíríkà" pa pọ̀, kọ́kọ́rọ́ ti wọ àpò rẹ̀ nìyẹn. Ilé mẹ́sàn-án ni mo wò. Ní ìkẹfà, ìyá onílé ti fún mi ní tíì, ó ti bi mí bóyá mo ń jẹ ẹran, mo sì ti purọ́ pé n kì í jẹ ẹ́, ni ọmọ rẹ̀ bá pè é láti Bengaluru. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, kò wo ojú mi mọ́, ife tíì ló ń wò. "Amma," ló wí, "ẹlòmíì ti san owó ilé yẹn." Amma, ìyá nìyẹn. Ó pè mí ní ìyá, ó sì tì mí síta.

Mo rílé tán, ìwé ìforúkọsílẹ̀ mi padà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n kọ́kọ́ ní ẹ̀yìn fọ́tò mi ò funfun tó. Lẹ́yìn náà, àmì kékeré kan nínú àdírẹ́sì ò bá ti ìwé ilé mu. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, orúkọ mi gùn jù. Èmi! Lọ́dọ̀ àwọn èèyàn tó ń fi orúkọ agboolé ṣáájú orúkọ ara wọn!

Ká ní Ìbàdàn ni, mi ò bá ti pe ẹnì kan. Nígbà tí mo fẹ́ gba ìwé ìrìnnà, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi mọ ẹnì kan níbẹ̀. Wọ́n ní kí n wá nǹkan, mo wá nǹkan, ìwé jáde. Níbí, n kò mọ ẹnikẹ́ni. Mo sunkún nítorí ẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá, láàárín òru, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé wọ́n ti fọwọ́ sí i, láìsí ẹni tó ní kí n wá nǹkan. N kò sọ pé wọn kì í gba rìbá ní Índíà o, ojoojúmọ́ ni àwọn onílẹ̀ ń ráhùn rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mò ń sọ.

Bàbá kan wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa tó ti fẹ̀yìn tì nídìí rélùwéè. Tí gọ́tà bá dí, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Á kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin 2005 tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Rúpíì 10 ni owó rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn láàárín ọjọ́ 30. Fáìlì lẹ́tà rẹ̀ ga ju ìrọ̀rí mi lọ. Àwa náà ní irú òfin yẹn láti 2011, ọjọ́ 7 péré sì ni tiwa. Mo bi bàbá mi, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe tíṣà, bóyá ó lò ó rí. Ó ní, "Òfin wo nìyẹn?"

Àárò ilé kì í sábà dé bá mi nídìí fọ́ọ̀mù. Ìgbà ọdún Bonalu ló ń dé, nígbà òjò, tí àwọn obìnrin ń ru ìkòkò ìrẹsì lọ fún òrìṣà obìnrin wọn, ewé dóńgóyárò lẹ́nu ìkòkò, fìtílà lórí, tí ọkùnrin tó fi àtàlẹ̀ pupa kun ara sì ń fi pàṣán jó níwájú. Arugbá Ọ̀ṣun ni mo rí. Mo pe màmá mi lórí fídíò kó lè rí i. Wọ́n ní, "Òrìṣà nìyẹn? Sún sẹ́yìn o!" Ọdún ìpínlẹ̀ ni ìjọba Telangana, ìpínlẹ̀ tí Hyderabad wà, fi ṣe láti 2014, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ gba ìsinmi, wọ́n lọ, wọ́n sì padà sídìí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àmì pupa níwájú orí. Èmi tí mo dàgbà nílé tí a kì í ti í dárúkọ Ọ̀ṣun, Índíà ni mo ti ń wo arugbá láìbojú wẹ̀yìn. Tí màmá mi bá ní ìgbà wo ni mò ń bọ̀, ìwé ni mo ń fi ṣe àwáwí.

Mo lọ sí ọjà Laad Bazaar lẹ́gbẹ̀ẹ́ Charminar, ilé àtijọ́ olókìkí ní Hyderabad, lọ́jọ́ kan ṣá, mo ra òrùka rúpíì 60, mo fi rán ẹni tó ń lọ sílé. Àbúrò bàbá mi pè lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti fi í sọ́wọ́, nǹkan ti ń ṣẹnuure. Wọ́n ní kí n ra méjì sí i.