Glycerine ni mo ń dà, mo ń pè é lómi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ SPH (smoothed particle hydrodynamics, ọ̀nà tí a fi ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ pátíkù ṣe àfarawé omi lórí kọ̀ǹpútà), ẹ má jẹ́ kí àwòrán tàn yín bó ṣe tàn mí.

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu ìwádìí, mo fi pátíkù ṣe omi tó ya wọ inú àpótí. Ìgbì ń fọ́, omi ń ta sókè, ó wu ojú. Mo kọ ọ́ pé omi tó ń ru gùdù (turbulence) ni. Ọ̀gá mi béèrè Reynolds number rẹ̀, ìyẹn ìyára omi tí a sọ di ìlọ́po pẹ̀lú gígùn àpótí, tí a wá fi kíki (viscosity) pín; bó bá ṣe pọ̀ tó ni omi ṣe ń ru tó. Mo ní mílíọ̀nù kan: omi ń sá mítà 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àpótí jẹ́ mítà 1, kíki rẹ̀ sì jẹ́ ti omi gidi. Ó ní kí n lọ ka artificial viscosity (kíki àtọwọ́dá, tí a ń fi sínú kóòdù kí ìṣirò má bàa dàrú) tí mo fi sí i mọ́ ọn.

Ìlà kan péré ni ìṣirò náà. Tó bá jẹ́ gígùn àti gíga nìkan la ń ṣe, kíki tó ń tibẹ̀ wá tó αhc/8. α mi, iye tí a fi ń yan bí kíki náà ṣe máa pọ̀ tó, jẹ́ 0.1; h, ìwọ̀n ibi tí ipa pátíkù kan dé, jẹ́ mítà 0.01; c, ìyára ohùn nínú omi àfarawé náà, sì jẹ́ mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan (ìlọ́po 10 ìyára omi la máa ń mú, kí ìwúwo má bàa yí ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 lọ). Ó já sí 0.00125. Ti glycerine, nǹkan olómi tó ki gan-an, ló sún mọ́. Ti omi gidi jẹ́ 0.000001! Reynolds mi ò ju 800 lọ. Ẹ rántí pé nítorí ìràwọ̀ ni wọ́n ṣe dá SPH sílẹ̀ ní 1977, nítorí shock (ìfúnpọ̀ òjijì) inú gáàsì sì ni viscosity yìí fi wà. Kò mọ ohunkóhun nípa ríru omi.

Mo sọ α di òdo. Àwọn pátíkù bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra ní méjì-méjì, pressure dàrú, n ò mọ èwo ni omi, èwo ni ariwo. Wendland kernel (fọ́múlà kan tó ń sọ bí pátíkù ṣe ń kan àwọn tó yí i ká) ló gbà mí, àti sísún pátíkù díẹ̀díẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti há. Kí a fi pátíkù kún un ńkọ́? Tó bá jẹ́ gígùn, gíga àti fífẹ̀ lẹ ń ṣe pọ̀, tí ẹ sì dín àlàfo wọn sí ìdajì, pátíkù á di ìlọ́po 8, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà á di ìlọ́po 16. Kíki yẹn á kàn dín sí ìdajì ni.

Ní báyìí, Taylor-Green, àwọn ìyí omi tó tò létòlétò, ni mo kọ́kọ́ ń dán wò. Ìdáhùn rẹ̀ ti wà lórí pépà: agbára ìyí omi náà ń kú bí e^(-4νk²t) (ν ni kíki, t ni àkókò, k sì ń sọ bí ìyí náà ṣe kéré tó). Tí tèmi bá tètè kú ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo mọ iye kíki tí kóòdù mi yọ́ fi kún un. Lẹ́yìn náà ni mo tó ń fi fífẹ̀ kún un, torí láìsí i, ìyí omi kò lè nà kó tín-ín-rín, ibẹ̀ gan-an sì ni ríru gidi wà. Mo ń wá ìlà -5/3 tí Kolmogorov, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, fún wa ní 1941: ó ń sọ bí agbára ṣe ń dín kù bí a ṣe ń lọ láti ìyí ńlá sí kékeré. Ó máa ń dúró díẹ̀, á sì ṣubú kó tó dé ìwọ̀n h. Ibi tó ti ṣubú ni mo ń kọ sínú ìròyìn báyìí, kí n tó fi àwòrán kankan sí i.